Kọ̀nẹ́tọ̀ wo ló ń tọ́jọ́ lẹ́nu wáyà dísì tó wà lójú òjò àti oòrùn?

Ìyá_Párákìn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ifẹ̀ àti Iléṣà. Dísì wà lórí òrùlé ní Párákìn níbí, LNB (ẹ̀rọ kékeré iwájú dísì tó ń gba sígínà) olójú méjì ló wà lórí rẹ̀. Wáyà kan lọ sí pálọ̀, mítà 18. Èkejì lọ sí yàrá ẹ̀yìn, mítà 32. Kọ̀nẹ́tọ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ yí mọ́ wáyà ló wà lẹ́nu gbogbo wọn. Bí òjò bá ti rọ̀, dikódà yàrá á gbé E48-32 (àmì pé kò rí sígínà) jáde, kò sì níí padà sípò àfi lọ́jọ́ kejì tí oòrùn bá ràn dáadáa. Wọ́n tú u wò: bàbà àárín ti dúdú, àwọ̀n tó yí i ká ti di lẹ́búlẹ́bú funfun.

Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n ń tà lọ́jà: èyí tí wọ́n ń yí, èyí tí wọ́n ń fi irin fún, àti èyí tó gùn díẹ̀ tó ní rọ́bà nínú. Owó wọn jìnnà síra. Èwo ló máa pẹ́? Ṣé kọ̀nẹ́tọ̀ nìkan ni ká pààrọ̀, àbí tòun ti wáyà?

Lágere_Dísì

Ìyá Párákìn, ẹ kú ìnira. Oòrùn ọjọ́ kejì tí ẹ mẹ́nu bà yẹn ti fi ibi tí àrùn wà hàn. Bó bá jẹ́ òjò ojú sánmà ló dí sígínà lọ́nà, gbàrà tí òjò bá ti dá tí ìkùukùu sì kọjá ni àwòrán á padà. Bó bá di pé oòrùn ní láti gbẹ nǹkan kan kí àwòrán tó wá, omi ti wọ kọ̀nẹ́tọ̀ nìyẹn, ó sì ṣeé ṣe kó ti wọ inú wáyà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí omi ń bà jẹ́ níbẹ̀. Wáyà dísì kì í ṣe wáyà iná lásán. Bàbà wà láàárín, fóòmù funfun yí i ká, bébà alumíníọ̀mù wà lórí fóòmù, àwọ̀n wà lórí bébà, kí èèpo tó bo gbogbo rẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín bàbà àti àwọ̀n, pẹ̀lú fóòmù tó kún inú rẹ̀, ló ń mú kí wáyà náà jẹ́ 75 ohm láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tí omi bá wọ ibẹ̀, ìwọ̀n yẹn á dàrú, apá kan sígínà á máa ta padà sókè dípò kó sọ̀ kalẹ̀. Èyí tó tún burú jù ni pé inú wáyà kan náà ni dikódà ń gbà rán fóòtì 13 tàbí 18 lọ bá LNB. Iná yẹn pẹ̀lú omi ló ń jẹ bàbà kíákíá tó fi dúdú bẹ́ẹ̀. Èyí tí a gbé sílẹ̀ nínú omi láìsí iná nínú rẹ̀ kì í tètè jẹ tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti oríṣi mẹ́ta tí ẹ rí: èyí tí wọ́n ń yí, twist-on, èèpo wáyà nìkan ló ń di mú. Kò sí ohun tó ń dí ìdí rẹ̀, omi á kàn gba ẹ̀gbẹ́ èèpo wọlé. Atẹ́gùn á máa mi wáyà, òun náà á máa tú díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá sì ṣe ń yí i ni okùn àwọ̀n ń wé kiri nínú rẹ̀. Okùn kan ṣoṣo tó bá kan bàbà àárín ti tó láti pa iná LNB pọ̀. Mi ò fọwọ́ sí i níta rárá.

Èyí tí wọ́n ń fún, crimp, sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n igun mẹ́fà ni irin ìfún rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ sí, nígbà tí wáyà rí róbótó. Àlàfo kéékèèké á wà láàárín igun kan sí èkejì, ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé.

Èyí tó gùn tó ní rọ́bà ni compression. Wọ́n máa ń ti ìdí rẹ̀ wọ inú tààrà ni, nítorí náà ó ń fún èèpo wáyà yíká-yíká láìsí igun. Òun ni kí ẹ rà fún gbogbo ẹnu tó bá wà níta.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà

Ẹ̀gbọ́n Lágere, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ mo fẹ́ fi kan kún un kí Ìyá má baà náwó sófo. Compression tí kì í ṣe ìwọ̀n wáyà yín kò dára ju twist-on lọ. Lórí àtẹ, kọ̀nẹ́tọ̀ RG59 àti ti RG6 (orúkọ ìwọ̀n wáyà ni wọ́n, RG6 nípọn ju RG59 lọ) jọra bí ìbejì. Ti RG6 á máa yọ̀ lórí wáyà RG59, ẹ fà á díẹ̀ ó ti bọ́. Ti RG59 kò níí wọ RG6 àfi tí wọ́n bá fi tipátipá tì í, fóòmù á sì fọ́.

Ìwọ̀n wọn nìyí fún ẹni tó bá ní rúlà tàbí fáníà. RG59: bàbà rẹ̀ tó mìlímítà 0.8, fóòmù 3.7, èèpo ìta bíi 6.1. RG6: bàbà 1.0, fóòmù 4.6, èèpo bíi 6.9. RG6 tó ní àwọ̀n méjì àti bébà méjì, quad-shield, èèpo rẹ̀ máa ń ga tó 7.5, ó sì nílò kọ̀nẹ́tọ̀ tí wọ́n kọ quad sí tàbí èyí tí wọ́n kọ sí pé ó gba gbogbo RG6. RG11 wà, bàbà 1.6, ṣùgbọ́n ti ọ̀nà jíjìn ni, ilé gbígbé kò nílò rẹ̀.

Fóòmù ni kí ẹ wọ̀n bí ẹ bá lè wọn ẹyọ kan ṣoṣo. Èèpo máa ń yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, fóòmù kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Ìyá_Párákìn

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti rí rúlà, fóòmù wáyà wa lé díẹ̀ ní mìlímítà 4 àti ààbọ̀, RG6 nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó wò ó ní irin ni àárín rẹ̀, pé bàbà kàn bò ó lórí ni, pé ayédèrú ni. Ṣé ká jù ú nù?

Ẹlẹ́rọ_Modákẹ́kẹ́

Mà, ẹ má jù ú nù nítorí ìyẹn. Irin tí bàbà bò kì í ṣe ayédèrú. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú RG6 ayé ṣe rí. Ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ bàbà àárín: tó bá gbé e, irin wà nínú. Sígínà tó ń ti LNB sọ̀ kalẹ̀ wà láàárín 950 sí 2150 MHz, ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ awọ ìta bàbà nìkan ló ń gbà, kò dé inú irin. Fún àwòrán, ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì.

Iná LNB ló mọ ìyàtọ̀. Irin tí bàbà bò máa ń di iná lọ́nà tó bíi ohm 10 nínú mítà 100; bàbà pátápátá kò ju ohm 2 àti díẹ̀ lọ. Mítà 32 yín á jẹ́ ohm 3 lé díẹ̀. LNB tó ń fa milliamp 150 á pàdánù bíi ààbọ̀ fóòtì. Láti 18, ó kù 17.5. Kò sí ewu níbẹ̀, nítorí àyíká fóòtì 15 ni LNB ti ń pinnu bóyá sígínà ìbú (tí fóòtì 18 ń pè) ló fẹ́ gbà tàbí ti òòró (tí 13 ń pè).

Kọ̀nẹ́tọ̀ tó ti jẹ ló lè fi ohm púpọ̀ kún un. Àmì rẹ̀ ni pé apá kan àwọn ìkànnì á máa wá dáadáa, apá kan á kọ̀ jálẹ̀: dikódà ń rán 18, ohun tó dé ọ̀dọ̀ LNB ti rẹlẹ̀ ju 15 lọ, LNB á rò pé 13 ni wọ́n rán. Bí ẹ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má yí dísì rárá. Ẹnu wáyà ni kí ẹ lọ wò. Ọ̀pọ̀ dísì tó dúró dáadáa ni wọ́n ti yí kúrò lójú ọ̀nà nítorí kọ̀nẹ́tọ̀ tó jẹ.

Ohun tó lè mú kí ẹ jù wáyà yín nù ni lẹ́búlẹ́bú funfun tí ẹ rí lára àwọ̀n. Alumíníọ̀mù tí omi jẹ ni. Omi máa ń gba inú àwọ̀n rìn bí epo ṣe ń gun òwú fìtílà. Ẹ gé ẹnu wáyà ní ìwọ̀n ọwọ́ kan, ẹ ṣí èèpo, ẹ wò ó. Tí àwọ̀n bá ń dán, ẹ dúró níbẹ̀. Tí kò bá dán, ẹ tún gé. Bí ẹ bá gé tó mítà kan tí kò tíì dán, wáyà ti kú, kò sí kọ̀nẹ́tọ̀ tó lè jí i.

Kọ́lá_Iléṣà

Ẹ dákun, ta ló lè là á yé wa bí wọ́n ṣe ń fi compression yẹn sí i gan-an? Ṣé pílásì kò tó?

Lágere_Dísì

Pílásì kò tó, àbúrò. Ẹ̀gbẹ́ ni pílásì ń fún, kò lè ti ìdí kọ̀nẹ́tọ̀ wọlé tààrà. Á kàn fọ́ ọ ni. Irin compression kan wà tó ní ẹnu tó ń di orí kọ̀nẹ́tọ̀ mú, tó sì ń ti ìdí rẹ̀ wọlé. Ra èyí tí wọ́n lè yí ìwọ̀n ẹnu rẹ̀, nítorí gígùn kọ̀nẹ́tọ̀ yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì. Ra ohun ìṣí-èèpo olójú abẹ méjì pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí ló wọ́n jù, ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn sì ń rà wọ́n. Ìyá lè pe oníṣẹ́ tó ní in. Kí wọ́n ṣáà ní kó fi irinṣẹ́ náà hàn wọ́n kó tó gun òrùlé.

Bó ṣe ń lọ: gé ẹnu wáyà kó gún, kó sì rí róbótó, pílásì tó ti kú á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, kọ̀nẹ́tọ̀ kò níí wọ̀ ọ́. Fi ohun ìṣí-èèpo yí i ká. Ohun tó gbọ́dọ̀ kù ni bàbà ìhòòhò mìlímítà 6.5, kí fóòmù tí bébà rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ tẹ̀lé e, mìlímítà 6.5 mìíràn, kí èèpo tó bẹ̀rẹ̀. Ṣẹ́ àwọ̀n padà sẹ́yìn sórí èèpo, gbogbo okùn rẹ̀ pátá. Má gé e. Òun ni kọ̀nẹ́tọ̀ máa dì mọ́. Bébà tó lẹ̀ mọ́ fóòmù, fi í sílẹ̀. Tó bá jẹ́ quad-shield, bébà kejì tó wà láàárín àwọ̀n méjèèjì ni wàá yọ kúrò.

Wo bàbà náà dáadáa. Fóòmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan máa ń lẹ̀ mọ́ ọn tí ojú kì í tètè rí. Fi èékánná há a kúrò. Má fi ọ̀bẹ há a, pàápàá èyí tó jẹ́ irin nínú, nítorí tí bàbà orí rẹ̀ bá ti hó, á dógùn-ún láàárín òjò àkọ́rọ̀ sí àrọ̀kúrò. Rántí pé kọ̀nẹ́tọ̀ F, orúkọ irú èyí tí à ń sọ yìí, kò ní ìṣó tirẹ̀. Bàbà wáyà fúnra rẹ̀ ni ìṣó tó ń wọ inú LNB. Bó bá dógùn-ún, kọ̀nẹ́tọ̀ tó wọ́n jù lọ kò ràn án.

Wá ti kọ̀nẹ́tọ̀ wọlé láìyí i, títí tí fóòmù funfun á fi dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ inú kọ̀nẹ́tọ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Tí fóòmù bá jìn sínú, kò tíì wọlé tán. Tó bá yọ jáde, ẹnu nọ́ọ̀tì kò níí lè dé ìdí. Gbé e sínú irin, tẹ̀ ẹ́ títí tí irin á fi dúró fúnra rẹ̀. Bàbà yẹ kó yọ kọjá ẹnu nọ́ọ̀tì ní mìlímítà 1.5 sí 3. Tó bá kúrú jù bẹ́ẹ̀, á máa kàn lówùúrọ̀ kó má kàn lọ́sàn-án. Tó bá gùn jù, á ba ẹnu LNB jẹ́ nínú.

Fa á pẹ̀lú ọwọ́. Kò gbọdọ̀ mì. Kí o tó so ẹnu méjèèjì mọ́ nǹkan kan, fi mítà ìdánwò kan bàbà àti ara kọ̀nẹ́tọ̀ pọ̀. Tó bá dún, okùn àwọ̀n kan ti kan bàbà nínú. Gé e kúrò, tún un ṣe.

Kọ́lá_Iléṣà

Mo dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ojúlówó lórí àtẹ? Gbogbo rẹ̀ ló ń dán.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà

Dídán yẹn, nickel tí wọ́n fi kùn ún ni. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni kó o bèèrè. Idẹ ló dára. Fi ẹnu ọ̀bẹ ha abẹ́ nọ́ọ̀tì díẹ̀: tó bá pọ́n yòò, idẹ ni, tó bá jẹ́ eérú-eérú, síńkì dídà ni. Síńkì fúyẹ́ lọ́wọ́, ó ń fọ́ tí sípánà bá le mọ́ ọn, ó sì ń hu ìyẹ̀fun funfun tí nickel bá ti bó. Tí mágínẹ́ẹ̀tì bá gbé e, irin ni, gbé e padà fún wọn. Nílẹ̀ Ifẹ̀ tí wọ́n ti ń da idẹ láti ayé àwọn baba ńlá, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gba síńkì ní idẹ.

Wo inú rẹ̀ náà. Compression tó wà fún ìta máa ń ní òrùka rọ́bà ní ibi méjì: ọ̀kan nídìí níbi tí wáyà ń gbà wọlé, ọ̀kan nínú nọ́ọ̀tì níbi tí yóò ti pàdé LNB. Àwọn kan ní ti ìdí nìkan, omi á wá gba ẹnu nọ́ọ̀tì wọlé. PPC ti Amẹ́ríkà àti Cabelcon ti Denmark wà lára àwọn tó ń ṣe ojúlówó, ṣùgbọ́n orúkọ ara ọ̀rá nìkan kò tó ẹ̀rí. Ha á, wọ̀n ọ́n lọ́wọ́, ka òrùka rẹ̀.

Àṣàkẹ́_Mayfair

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé téèpù dúdú àwọn oníná kò lè ṣe é? Tàbí ká fi Vaseline sí i, ká wá fi ọ̀rá wé e? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe ti àdúgbò wa.

Lágere_Dísì

Àǹtí Àṣàkẹ́, ọ̀rá ló burú jù nínú wọn. Ó ń gba omi láti òkè, kò sì jẹ́ kó jáde nísàlẹ̀. Kọ̀nẹ́tọ̀ tí wọ́n sọ ọ̀rá mọ́ máa ń jẹ ju èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ ní ìhòòhò lọ.

Téèpù dúdú: oòrùn á yọ́ gọ́ọ̀mù rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á ká sókè, omi á dúró sínú rẹ̀. Vaseline ń yọ́ lórí páànù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á ṣàn lọ. Epo rọ̀bì ni wọ́n sì fi ṣe é, ó máa ń wú irú rọ́bà kan tí wọ́n ń lò fún òrùka kọ̀nẹ́tọ̀, títí rọ́bà náà á fi bàjẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan sí i, gírísì silicone ni, ìwọ̀nba bí orí ìṣáná lára okùn nọ́ọ̀tì.

Téèpù tó yẹ ni rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, self-amalgamating. Kò ní gọ́ọ̀mù. Ẹ bó bébà ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fà á títí á fi fẹ̀ sí ìlọ́po méjì gígùn rẹ̀, nítorí tí ẹ kò bá fà á, kò níí lẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni kí ẹ máa wé e, kí ìpele òkè máa gun ti ìsàlẹ̀ ní ìdajì, bí a ṣe ń to páànù kí omi lè máa ṣàn kọjá. Ẹ wá fi téèpù dúdú lásán bò ó lórí, kí oòrùn má baà jẹ rọ́bà yẹn. Ibẹ̀ ni téèpù dúdú wúlò.

Sílíkóònù tó ń rùn bíi kíkan, ẹ má gbé e sún mọ́ bàbà. Ásíìdì inú rẹ̀ ń jẹ ẹ́. Èyí tí wọ́n kọ neutral sí ni kí ẹ lò bó bá di dandan.

Ẹlẹ́rọ_Modákẹ́kẹ́

Ẹ jẹ́ n fi ìdí tí omi fi ń wọ kọ̀nẹ́tọ̀ tó dà bíi pé ó dí kún un. Oòrùn ọ̀sán á mú un gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fẹ̀, á sì jáde díẹ̀. Òjò ìrọ̀lẹ́ á bù lé e lójijì, afẹ́fẹ́ tó kù á sún kì, kọ̀nẹ́tọ̀ á wá fa omi tó wà lára rẹ̀ wọlé bí ẹni mí. Ní agbègbè wa tí oòrùn ọ̀sán àti òjò ìrọ̀lẹ́ máa ń pàdé láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, ojoojúmọ́ ni èyí lè ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wáyà kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ bí ikùn ìkòkò lábẹ́ LNB kó tó gun apá dísì, kí omi lè máa kán sílẹ̀ níbẹ̀. Ikùn kan náà lóde ògiri kó tó wọ ilé, kí ihò ògiri sì fì sísàlẹ̀ síta. Ẹ má ká wáyà ní igun; kí ikùn náà fẹ̀ tó àwo oúnjẹ kékeré, ó kéré tán.

Èèpo dúdú ni kí ẹ rà fún ìta. Funfun lẹ́wà nínú pálọ̀, oòrùn máa ń mú un la.

Ìyá_Párákìn

Ọlọ́run á san án fún yín. A gé wáyà pálọ̀, ó dán lẹ́yìn ọwọ́ kan. Ti yàrá, a gé tó mítà kan kò dán, a ó pààrọ̀ rẹ̀. Ṣé a lè so tuntun mọ́ ìyókù àtijọ́ tó wà nínú sílíǹgì, kí a má baà tú sílíǹgì? Mélòó sì ni kọ̀nẹ́tọ̀ tí a máa rà?

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà

Mà, ẹ má so ó. Àwọ̀n tó ti jẹ kò mọ ibi tí sílíǹgì bẹ̀rẹ̀. Ẹ so ẹnu tuntun mọ́ ẹnu àtijọ́ pẹ̀lú okùn tó le, kí ẹnì kan máa fà á níhìn-ín, kí ẹnì kejì máa tì í lọ́hùn-ún. Tí wọn kò bá kàn án mọ́ igi inú sílíǹgì, á tẹ̀lé e wọlé. Bí kò bá wá rárá, ẹ gba abẹ́ àjà òde kọjá.

Tí oríkèé bá di dandan níbòmíràn, inú ilé nìkan ni, pẹ̀lú ìsopọ̀ F81 tí wọ́n kọ 3 GHz sí. Àwọn àtijọ́ tí wọ́n ṣe fún eriali lásán kì í gba òkè 2 GHz dáadáa.

Wáyà méjì, ẹnu mẹ́rin. Ẹ ra kọ̀nẹ́tọ̀ mẹ́jọ, nítorí compression tí wọ́n bá ti tẹ̀ kò ṣeé tú lò mọ́, àkọ́kọ́ lè má dọ́gba. RG6 mítà 35, kí ikùn méjèèjì lè rí àyè. Téèpù rọ́bà, ìdì kan.

Lágere_Dísì

Ó kù díẹ̀. Kí oníṣẹ́ fi ìka yí nọ́ọ̀tì wọlé dé ìdí, kó wá fi sípánà nọ́ńbà 11 fi ìdá mẹ́rin ìyípo kan kún un, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnu LNB lè ya. Nọ́ọ̀tì ni kó yí, kó má yí wáyà. Ní ti ẹnu tó wọ ẹ̀yìn dikódà, ìka nìkan ti tó. Ní ti àrá, kò sí kọ̀nẹ́tọ̀ tó ń dá a dúró. Bí òjò bá ti ń ṣú, kí mànàmáná tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, ẹ yọ wáyà dísì àti wáyà iná dikódà méjèèjì.

Kí ẹnikẹ́ni tó gun òrùlé, ẹ yọ dikódà méjèèjì kúrò lára iná. Kì í ṣe pé kí ẹ fi rìmóòtù pa á, nítorí dikódà tó sùn ṣì lè máa rán fóòtì lọ sókè. Okùn àwọ̀n kan tó bá kan bàbà lásìkò náà lè jó ojú ibi tó ti ń rán iná sí LNB.

Ìyá_Párákìn

Mo ti gbọ́, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a ó ṣe é, tí òjò bá jẹ́ kí òrùlé gbẹ.